Mànàmáná Inú Aṣọ àti Mànàmáná Ojú Sánmà: Ẹ̀kọ́ Lórí Bí Iná Ṣe Ń Wá Ọ̀nà

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú gidigidi ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, tí ètè ń là, tí ewé igi sì ń gbẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rí ohun kan tí ń yà wọ́n lẹ́nu. Bí ẹnìkan bá ń bọ́ aṣọ òtútù onírun àgùntàn ní òru, tí kò sì sí fìtílà nínú yàrá, yóò gbọ́ tí aṣọ náà ń ró pàràpàrà, yóò sì rí ìpẹ́pẹ́ iná kéékèèké tí ń ta láàárín aṣọ àti ara rẹ̀. Ẹni tí ó ti jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀, bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ tí ó sì na ọwọ́ kan ilẹ̀kùn irin, nǹkan a ta á ní ìka bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ gún un. Ọmọbìnrin tí ń ya irun rẹ̀ a rí i tí irun ń tẹ̀lé òòyà, tí ó ń nà sókè láìjẹ́ pé ọwọ́ fà á.

Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé iṣẹ́ àjẹ́ ni, tàbí pé àrùn kan ni ó wà lára olúwarẹ̀. Kì í ṣe èyí, kì í ṣe ọ̀hún. Ohun tí ń ta nínú aṣọ ní ìgbà ọyẹ́ àti ohun tí ń kọ yànràn lójú sánmà ní ìgbà òjò, ẹbí kan náà ni wọ́n. Títóbi ni ọ̀kan fi ju èkejì lọ. Àwọn baba tí wọ́n sọ iná tí ń tan fìtílà ìlú ní iná mànàmáná kò ṣì í pè rárá. Ẹ̀kọ́ yìí wà láti fi hàn bí mànàmáná ṣe ń kó ara jọ, ohun tí ó ń gbà kọjá àti ohun tí ń dá a dúró, àti bí ìmọ̀ yìí ṣe lè gba ẹ̀mí àgbẹ̀ là nínú oko àti ẹ̀mí ará ilé nínú ilé.

1. BÍ ẸRÙ MÀNÀMÁNÁ ṢE Ń KÓ ARA JỌ

Ìdánwò kan wà tí ọmọdé lè ṣe nínú ilé ní ìgbà ọyẹ́. Kí ó mú òòyà oníke tí ó gbẹ, kí ó fi gbo irun orí tí kò ní òróró, tàbí aṣọ onírun àgùntàn, ní ìgbà ogún. Lẹ́yìn náà kí ó gbé e súnmọ́ ègé bébà wẹ́wẹ́ tàbí òwú àràbà lórí tábìlì. Kí òòyà tó kàn wọ́n ni wọn yóò ti fò sókè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá sì ṣe díẹ̀, òmíràn nínú wọn yóò tún ta kúrò lára òòyà bí ẹni pé a tì í dànù.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí 600 ọdún ṣáájú ìbí Kristi ni a ti ń dárúkọ Thales, ọlọ́gbọ́n ará Miletus, mọ́ ọ̀rọ̀ ámbérì, èyí tí í ṣe oje igi àtijọ́ tí ó ti le bí òkúta. Bí a bá fi aṣọ gbo ámbérì, a máa fa ìyẹ́ àti ìyàngbò mọ́ra. Orúkọ ámbérì ní èdè àwọn ará Gíríìsì ni elektron. Nígbà tí William Gilbert, oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1600, ó fi hàn pé gíláàsì, imí-ọjọ́ àti àwọn òkúta iyebíye kan ní irú ìwà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Láti inú orúkọ ámbérì ni ó ti mú ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó fi ń pe mànàmáná títí di òní.

Kí ni ó ń fà á? Gbogbo ohun tí ó wà láyé, ìbáà ṣe irin, omi, aṣọ tàbí ẹran ara, ni a fi ẹyọ tíntìntín tí à ń pè ní átọ́ọ̀mù kọ́. Inú átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní ọkàn tí ó wúwo, àti àwọn ohun kékeré tí ó yí ọkàn náà ká, tí orúkọ wọn ń jẹ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. J. J. Thomson ni ó fi ìdí wọn múlẹ̀ ní Cambridge ní 1897. Ọkàn átọ́ọ̀mù ní ẹrù mànàmáná irú kan, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ní irú kejì. Nígbà tí méjèèjì bá dọ́gba, ara ohun náà a balẹ̀, kò sì ní fi àmì kankan hàn.

Ṣùgbọ́n bí ohun méjì tí kì í ṣe irú kan náà bá fara kan ara wọn, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù díẹ̀ a kúrò lára ọ̀kan lọ bá èkejì. Gbígbo tí à ń gbo wọ́n a mú kí ibi púpọ̀ nínú wọn fara kanra, nítorí náà ẹrù tí ń kọjá a pọ̀ sí i. Ó dà bí ọjà tí àwọn méjì ń ná: owó tí ó kúrò lápò ẹnìkìíní ni ó wọ àpò ẹnìkejì, kò sí owó tuntun tí a rọ, kò sì sí èyí tí ó ṣègbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹrù mànàmáná. Gbígbo kò dá a. Ó ṣí i nípò ni. Iye tí òòyà jèrè ni irun pàdánù.

2. IRÚ ẸRÙ MÉJÌ

Ní 1733, Charles du Fay ará Fáransé kíyèsí i pé irú ẹrù méjì ni ó wà, ọ̀kan irú ti gíláàsì tí a gbo, èkejì irú ti ámbérì tí a gbo. Ohun méjì tí ó ru irú ẹrù kan náà a máa ti ara wọn. Ohun méjì tí ó ru irú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ a máa fa ara wọn. Lẹ́yìn náà ni Benjamin Franklin, òǹtẹ̀wé ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, fi àmì ìròpọ̀ (+) sí ọ̀kan, ó sì fi àmì ìyọkúrò (−) sí èkejì. Àmì wọ̀nyí ni gbogbo ayé ń lò síbẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ó ru ẹrù ìyọkúrò. Nítorí náà ohun tí ó gbà wọ́n kún a di ti ìyọkúrò, ohun tí ó pàdánù wọn a di ti ìròpọ̀.

Èyí ni ìdí tí irun fi ń dìde ní orí ẹni tí a ti ya irun rẹ̀ pẹ́ ní ìgbà ọyẹ́. Gbogbo fọ́nrán irun náà ti gba irú ẹrù kan náà, olúkúlùkù sì ń sá fún èkejì.

Ẹnìkan lè béèrè pé, bébà tí a kò gbo kò ru ẹrù, kí ni ó mú un fò tọ òòyà lọ? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹrù méjèèjì wà nínú bébà, ṣùgbọ́n wọ́n dọ́gba. Bí òòyà tí ó ru ẹrù ìyọkúrò bá súnmọ́ ọn, ẹrù ìyọkúrò ti inú bébà a sún sẹ́yìn díẹ̀, ti ìròpọ̀ a sì kọjú sí òòyà. Èyí tí ó kọjú sí òòyà ni ó súnmọ́ ọn jù, nítorí náà fífà a borí títì. Nígbà tí bébà bá sì ti lẹ̀ mọ́ òòyà pẹ́, a gba díẹ̀ nínú ẹrù òòyà. Àwọn méjèèjì a di irú kan náà, bébà a sì ta kúrò. Charles Coulomb ará Fáransé wọn agbára yìí ní 1785. Ó rí i pé bí a bá sọ àlàfo tí ó wà láàárín ohun méjì di ìlọ́po méjì, agbára tí wọ́n fi ń fa ara wọn a dín kù di ìdá kan nínú mẹ́rin.

3. OHUN TÍ INÁ Ń GBÀ KỌJÁ ÀTI OHUN TÍ Ń DÁ A DÚRÓ

Ní ìlú Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Stephen Gray, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aláró. Ní 1729 ó gbo ọ̀pá gíláàsì kan, ó sì rí i pé ẹrù mànàmáná lè ti ara gíláàsì gba ara okùn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Granville Wheler na okùn kan gùn, wọ́n sì fi fọ́nrán ṣẹ́dà gbé e rọ̀ sókè kí ó má bàa kan ilẹ̀. Nígbà tí ṣẹ́dà já, wọ́n fi wáyà idẹ rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ó lágbára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà mànàmáná kò dé òpin okùn mọ́. Wáyà tí ó gbé okùn dúró ni ó ti gbà sá lọ sínú ilẹ̀. Wọ́n dá ṣẹ́dà padà, mànàmáná sì tún rìn, títí ó fi rìn ju 600 ẹsẹ̀ bàtà lọ.

Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé gbogbo ohun ayé pín sí ọ̀nà méjì ní ti ọ̀rọ̀ yìí:

Àwọn tí iná ń gbà kọjá: fàdákà, bàbà, wúrà, alumíníọ̀mù, idẹ, irin, omi iyọ̀, omi odò àti ti kànga, ilẹ̀ tútù, igi tútù, ara ènìyàn àti ara ẹran.

Àwọn tí ń dá iná dúró: gíláàsì, rọ́bà, ike, ìda oyin, imí-ọjọ́, ámbérì, ṣẹ́dà gbígbẹ, irun àgùntàn gbígbẹ, igi gbígbẹ, àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ.

Nínú irin, bàbà àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù púpọ̀ ni kò so mọ́ átọ́ọ̀mù kan; wọ́n ń rìn káàkiri bí ará ọjà. Bí a bá tì wọ́n ní apá kan, kíá ni wọn yóò ṣí lọ sí apá kejì. Nínú gíláàsì àti rọ́bà, olúkúlùkù wọn ni ó dúró sí ilé rẹ̀. Ẹrù tí a bá gbé kalẹ̀ sí ojú kan ibẹ̀ ni yóò wà. Nítorí náà ni ẹni tí ó di ṣíbí irin mú lọ́wọ́ tí ó sì ń gbo ó, kì í fi rí kí ó fa bébà. Kì í ṣe pé irin kò gba ẹrù; bí ó ti ń gbà á ni ó ń ti ara ọwọ́ olúwarẹ̀ sá lọ sínú ilẹ̀. Bí a bá fi ike ṣe èèkù ṣíbí náà, ẹrù rẹ̀ yóò dúró.

Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ iná ń lo irú méjèèjì pọ̀. Bàbà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà, rọ́bà tàbí ike ni wọ́n sì fi ń bò ó, kí iná má bàa yà kúrò lọ́nà. Lórí òpó ojú títì, àwo amọ̀ dídán tàbí gíláàsì ni wọ́n fi wáyà lé, kí iná má bàa gba ara òpó wọlẹ̀.

Omi ni ó yẹ kí a kíyèsí jù. Igi gbígbẹ ń dá iná dúró, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti pa á, ó di ọ̀nà. Okùn gbígbẹ ń dá a dúró. Okùn tí ó rin ń gbà á kọjá. Ìdí sì nìyí tí ìpẹ́pẹ́ iná fi ń ta ní ìgbà ọyẹ́ tí kì í ta ní ìgbà òjò. Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ, ojú ike àti ojú gíláàsì ní pẹlẹbẹ tí ojú kò lè rí. Ibẹ̀ ni ẹrù ń gbà lọ kí ó tó pọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé láti ìhà aṣálẹ̀, ọ̀rinrin yìí a gbẹ, ẹrù kò sì rí ọ̀nà sá lọ mọ́. Ó di dandan kí ó kó ara jọ.

Afẹ́fẹ́ pàápàá ní ìwọ̀n tí ó lè fara dà. Bí ẹrù bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìtẹ̀sí rẹ̀ fi tó nǹkan bí 30,000 volt nínú àlàfo sẹ̀ǹtímítà kan, afẹ́fẹ́ a ya, ẹrù a sì fò kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Fífò yìí ni ìpẹ́pẹ́ iná, ariwo rẹ̀ sì ni pàrà tí à ń gbọ́. Ẹni tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ta ní ìka lè ti ru ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt láìkú, nítorí pé ẹrù náà kéré púpọ̀. Ìkán omi kan lè jábọ́ láti orí òrùlé gíga kí ó má ṣe ènìyàn ní ohunkóhun; odò tí ó kún ni ń gbé ènìyàn lọ.

4. OJÚ SÁNMÀ

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín òòyà àti irun ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkùukùu ńlá. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ru ọ̀rinrin a gòkè lọ títí yóò fi dé ibi tí omi ti ń di yìnyín. Níbẹ̀ ni yìnyín wẹ́wẹ́ àti èyí tí ó wúwo ń gbá ara wọn lù láìdẹ́kun, tí ẹrù sì ń ti ara ọ̀kan bọ́ sí ara èkejì. Àwọn tí ó fúyẹ́ a gbé ẹrù ìròpọ̀ lọ sí òkè ìkùukùu. Àwọn tí ó wúwo a di ẹrù ìyọkúrò mú sí ìsàlẹ̀. Bí ìkùukùu yìí ti ń kọjá lókè oko, ẹrù ìyọkúrò ìsàlẹ̀ rẹ̀ a fa ẹrù ìròpọ̀ jọ sí ojú ilẹ̀, pàápàá sí orí ohun tí ó ga: ìrókò, ọ̀pẹ, àgbọn, òpó, àti ènìyàn tí ó dá dúró láàárín pápá.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá lè fara dà á mọ́, mànàmáná a kọ. Iná tí ń ṣàn nínú rẹ̀ lè tó nǹkan bí 30,000 ampere, ooru ojú ọ̀nà rẹ̀ sì lè tó nǹkan bí ìwọ̀n 30,000 ti Celsius, èyí tí ó tó ìlọ́po márùn-ún ooru ojú oòrùn. Afẹ́fẹ́ tí ó wà lójú ọ̀nà náà a wú lójijì, a sì bú gbàù. Ohùn bíbú náà ni àrá.

Ní 1752 ni a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀kan náà ni mànàmáná ojú sánmà àti ti inú ilé. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ní Marly-la-Ville ní ilẹ̀ Fáransé, Thomas-François Dalibard gbé ọ̀pá irin gíga kan ró gẹ́gẹ́ bí Franklin ti dábàá nínú ìwé rẹ̀, ìpẹ́pẹ́ iná sì ta lára rẹ̀ nígbà tí ìkùukùu kọjá. Ní oṣù kẹfà, Franklin fúnra rẹ̀ ju ohun ìṣeré kan sókè, irú èyí tí a fi ṣẹ́dà ṣe tí afẹ́fẹ́ ń gbé fò, tí àwọn ọmọdé sì ń fi okùn dì mú. Okùn tí òjò ti rin ni ó jẹ́ kí ẹrù sọ̀ kalẹ̀ dé ara kọ́kọ́rọ́ irin kan. Ṣẹ́dà gbígbẹ tí ó so mọ́ ìdí rẹ̀ ni ó sì fi dì í mú, kí ẹrù má bàa dé ọwọ́ rẹ̀. Àrá kò sán lu ohun ìṣeré náà. Bí ó bá sán lù ú ni, Franklin ì bá kú. Ní 1753, ní St. Petersburg, Georg Wilhelm Richmann gbé ọ̀pá irin sórí ilé rẹ̀ láti wọn ẹrù ìkùukùu, ṣùgbọ́n ọ̀pá náà kò ní ọ̀nà dé inú ilẹ̀. Nígbà tí àrá sán, ara rẹ̀ ni ó gbà kọjá, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán irú rẹ̀ wò.

Láti inú ìmọ̀ yìí ni ọ̀pá amú-àrá-wọlẹ̀ ti wá. Ọ̀pá irin tí ó ga ju òrùlé lọ, wáyà bàbà nínípọn láti ara rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, àti irin tí a rì jinlẹ̀ sínú ilẹ̀ tútù: ó tán. Kì í lé àrá lọ. Ọ̀nà tí ó yá ju ara ilé lọ ni ó ń yà fún un. Franklin ń tẹ àlmánákì lọ́dọọdún, nínú àlmánákì rẹ̀ ti 1753 ni ó sì ti kọ́ àwọn ará ìlú bí a ti ń ṣe ọ̀pá náà. Bí a bá ṣe é ní ìlàjì, tí kò wọlẹ̀ dáadáa, ewu ni.

5. ÒKÚTA TÍ À Ń PÈ NÍ ẸDÙN ÀRÁ

Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, Ṣàngó ni a gbà pé ó ń sán àrá, a sì gbà pé ẹdùn àrá ni ó ń jù lu ẹni tí ó ṣẹ̀. Òkúta dídán wọ̀nyí tí àwọn àgbẹ̀ ń hú nínú oko lẹ́yìn òjò ńlá jẹ́ àáké tí àwọn ènìyàn àtijọ́ fi òkúta gbẹ́ kí irin tó dé. Ọ̀gbàrá ni ó ń wẹ ilẹ̀ kúrò lórí wọn. Irú wọn wà ní ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú, àwọn ará ibẹ̀ sì ti fi ìgbà kan rò pé láti ojú sánmà ni wọ́n ti ń bọ́. Mànàmáná kò jù òkúta. Ẹrù nìkan ni ó ń gbé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àríyànjiyàn lásán, nítorí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Àṣà àtijọ́ ni pé kí ará ilé má fọwọ́ kan ẹni tí àrá sán lù títí àwọn Mọgbà yóò fi dé ṣe ètùtù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àrá ń sán lù ni kì í kú lójú ẹsẹ̀. Èémí a dá dúró, ọkàn a gbàgbé lílù. Bí a bá tètè ràn án lọ́wọ́, ó lè padà bọ̀ sípò. Ẹni tí a fi sílẹ̀ nílẹ̀ láti retí ètùtù, dídúró náà ni ó ń pa á.

6. ÌMỌ̀RÀN FÚN ÀGBẸ̀ ÀTI ARÁ ILÉ

(a) Mànàmáná ni ojú ń kọ́kọ́ rí, àrá a sì tẹ̀lé e, nítorí pé ìró ń rìn ní nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí àgbẹ̀ ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó wà láàárín wọn. Mẹ́ta nínú rẹ̀ dúró fún kìlómítà kan. Bí kò bá tó ọgbọ̀n, kí ó fi oko sílẹ̀ kíá. Kí ó má sì padà títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn.

(b) Ilé tí ó ní ògiri àti òrùlé, tí ènìyàn ń gbé, ni ibi ìsádi tí ó dára. Ọkọ̀ tí a fi irin bò dára pẹ̀lú bí a bá ti gíláàsì rẹ̀. Kì í ṣe rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń gbani. Ara irin tí ó yí ènìyàn ká ni iná ń gbà lọ sí ilẹ̀ láìwọ inú. Ní 1836 Michael Faraday ti jókòó nínú yàrá tí ó fi irin yí ká nígbà tí ìpẹ́pẹ́ iná ń ta lára rẹ̀ lóde, kò sì rí àmì ẹrù kankan nínú rẹ̀. Àtíbàbà oko tí kò ní ògiri kì í ṣe ibi ìsádi.

(d) Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá sí abẹ́ igi. Igi tútù ni iná ń gbà wálẹ̀, ṣùgbọ́n ara ènìyàn jẹ́ ọ̀nà tí ó yá jù ú lọ. Àrá a fi igi sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, a sì fò mọ́ ẹni tí ó fara tì í.

(e) Bí iná bá ti wọlẹ̀, a máa tàn ká inú ilẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn màlúù jìnnà sí ara wọn, nítorí náà iná a gba ẹsẹ̀ kan gòkè, a sì gba èkejì sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ màlúù fi ń kú pọ̀ lábẹ́ igi kan. Kí darandaran kó wọn kúrò lábẹ́ igi tí ó dá dúró àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà onírin. Ènìyàn tí kò rí ibi sá sí kò gbọdọ̀ na gbalaja sílẹ̀. Kí ó kúrò lórí òkè, kí ó sì lóṣòó, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wà papọ̀.

(ẹ) Kí apẹja àti ẹni tí ń wẹ̀ jáde kúrò nínú omi. Nínú ilé, kí a jìnnà sí ẹ̀rọ omi, wáyà àti fèrèsé.

(f) Ìpẹ́pẹ́ iná inú aṣọ, bí ó ti kéré tó, tó láti tan oòru epo bẹntiróòlù. Kí ẹni tí ó fẹ́ ra epo gbé agolo rẹ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀, kí ó má ṣe bù ú kún nígbà tí ó wà nínú ọkọ̀. Kí ó sì fọwọ́ kan irin tí ó jìnnà sí ẹnu epo, kí ẹrù ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ kí ó tó ṣí ìdérí.

7. ÌTỌ́JÚ ẸNI TÍ ÀRÁ SÁN LÙ

Kò sí ẹrù kankan tí ó kù lára ẹni tí àrá ti sán lù. Gbogbo rẹ̀ ti wọlẹ̀. A lè fọwọ́ kàn án lójú ẹsẹ̀ láìbẹ̀rù. (Ẹni tí wáyà iná mú yàtọ̀: kí a kọ́kọ́ pa iná náà kí a tó kàn án.) Kí a gbé e kúrò níbi ewu, kí a sì ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Bí kò bá mí, kí ẹnìkan kúnlẹ̀ tì í, kí ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ara wọn ní àárín àyà rẹ̀, kí ó sì máa tẹ̀ ẹ́ kíkan-kíkan, kí ó wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọ lè fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn títẹ̀ ọgbọ̀n. Kí wọ́n má ṣe dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn púpọ̀ ni àrá sán lù lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ó dà bí òkú ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú, nítorí pé àwọn tí ń kérora ń mí, wọn yóò sì yè ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ỌMỌ ILÉ-Ẹ̀KỌ́

1. Nígbà tí a bá fi òòyà gbo irun, ṣé a dá ẹrù ni, àbí a ṣí i nípò?
2. Kí ni ó dé tí wáyà idẹ fi ba iṣẹ́ Stephen Gray jẹ́, tí ṣẹ́dà kò sì bà á jẹ́?
3. Kí ni ó dé tí aṣọ fi ń ta iná ní ìgbà ọyẹ́, tí kì í sì ta á ní ìgbà òjò?
4. Bí a bá ka ìṣẹ́jú àáyá 12 láàárín mànàmáná àti àrá, kìlómítà mélòó ni ó jìnnà? Ṣé ó yẹ kí àgbẹ̀ dúró sí oko?
5. Àrá sán lu ẹnìkan lójú ọ̀nà oko, kò sì mí mọ́. Kí ni ó yẹ kí ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ṣe, kí sì ni ìdí tí kò fi yẹ kí ó bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án?